Maria Szymanowska, Láìfi Ti Chopin Ṣe

Ó ṣòro kí èèyàn rí orúkọ Maria Szymanowska, olùlu-píánò àti òǹkọ̀wé orin ọmọ Pólándì, nínú ìwé ìtàn orin ilẹ̀ Yúróòpù kí ó má rí orúkọ ọkùnrin kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n á ní òun ni Goethe, àgbà akéwì ilẹ̀ Jámánì, kọ ewì fún. Wọ́n á ní ọmọ rẹ̀ ni Adam Mickiewicz fẹ́, akéwì tí àwọn ará Pólándì fi ń yangàn jù lọ. Wọ́n á pè é ní Field obìnrin, nítorí John Field, olùlu-píánò ọmọ Ireland tó fi Rọ́ṣíà ṣe ilé, tí àwọn olówó ibẹ̀ mọ̀ bí ẹní mowó. Èyí tó wá wọ́pọ̀ jù ni pé òun ló la ọ̀nà tí Chopin, ọ̀gá olórin píánò ilẹ̀ Pólándì, gbà kọjá. Kò sí irọ́ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́; ti ìkẹyìn la ó padà wá yẹ̀ wò. Àmọ́ bí a bá ka gbogbo rẹ̀ tán, a ti mọ àna rẹ̀, a ti mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ti mọ ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀; òun gan-an la ò tíì mọ̀.

Èrò tèmi, kí n tètè sọ ọ́, ni pé oníṣẹ́ ni obìnrin yìí. Ìka rẹ̀ mẹ́wàá ló fi bọ́ ọmọ mẹ́ta, òun ló ń ṣètò ìrìn àjò ara rẹ̀, òun náà ló ń wá ẹni tí yóò tẹ ìwé orin rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò ṣi orin rẹ̀ gbọ́, nítorí orin tí wọ́n nílò níbì kan, lọ́wọ́ ẹnì kan, ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejìlá 1789 ni wọ́n bí i ní Warsaw. Marianna Agata Wołowska ni orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀, Franciszek Wołowski, ní ilé ìpọntí. Barbara Lanckorońska ni ìyá rẹ̀. Àwọn Wołowski wá láti ara àwọn Júù tó tẹ̀lé Jacob Frank, ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Mèsáyà, tó sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ìjọ Kátólíìkì lọ́dún 1759. Láàárín ìran kan sí méjì, ọmọ àwọn tó ṣe ìrìbọmi yẹn ti di oníṣòwò àti agbẹjọ́rò nígboro Warsaw. Wọn kì í ṣe ọmọ ìjòyè, wọn kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ọmọ ìjòyè kò gbọdọ̀ fi píánò jẹun láyé ìgbà yẹn, ọmọ mẹ̀kúnnù kò sì ní rí píánò fọwọ́ kàn. Àárín méjèèjì ni Maria bọ́ sí.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ orin tó lè gba ọmọbìnrin ní Warsaw nígbà náà, nítorí náà olùkọ́ ló ń wá bá a nílé, Antoni Lisowski ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Tomasz Gremm. Ohun tó ju ẹ̀kọ́ wọn lọ ni ilé fúnra rẹ̀. Àwọn Wołowski fẹ́ràn àlejò, àlejò wọn sì sábà máa ń jẹ́ olórin: Józef Elsner, tó padà wá di olùkọ́ Chopin, Karol Kurpiński tó ń darí orin ní ilé eré, Franciszek Lessel tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Haydn. Ọmọ Mozart, Franz Xaver, náà gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ tó bá dàgbà sáàárín irú àwọn wọ̀nyí, tí etí rẹ̀ sì mú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ ni orin.

Ìlú tó dàgbà sí náà ń yí padà bí ewé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà parí pípín Pólándì láàárín ara wọn lọ́dún 1795. Prọ́ṣíà ló kọ́kọ́ mú Warsaw. Napoleon dé, ó sọ ibẹ̀ di olú ìlú ìpínlẹ̀ kékeré kan lọ́dún 1807. Napoleon ṣubú, ọba Rọ́ṣíà gorí àga ní 1815, ó ní òun náà ni ọba Pólándì. Obìnrin tó bá fẹ́ fi orin rìn jáde nílùú bẹ́ẹ̀ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń kí oríṣiríṣi ọ̀gá.

Ọdún 1810 kó ohun púpọ̀ jọ fún un. Ó lu píánò níwájú èrò ní Warsaw àti Paris, Cherubini, àgbà olórin ní Paris, sì kọ orin fantasia kan tó fi júbà rẹ̀. Lọ́dún kan náà ló fẹ́ Teofil Józef Szymanowski, onílẹ̀ kan. Ìbejì dé lọ́dún 1811, Helena àti Romuald. Celina tẹ̀lé wọn lọ́dún 1812. Iṣẹ́ tí ìyàwó yàn láàyò àti ayé orí ilẹ̀ oko tí ọkọ fẹ́ kò wọ̀ síra wọn, wọ́n sì pínyà lọ́dún 1820. Ọ̀dọ̀ Maria ni àwọn ọmọ wà. Ẹ má ṣe fi orúkọ ọkọ yìí so ó mọ́ Karol Szymanowski, ọ̀gá olórin Pólándì tí wọ́n bí ní 1882. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Ẹ wo ọdún 1820 yẹn dáadáa. Ọdún náà àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé Breitkopf & Härtel ní Leipzig, tó wà lára àwọn tó lórúkọ jù ní Yúróòpù, tẹ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jáde léraléra: ogún ẹ̀kọ́ ìka àti orin ìṣíde fún píánò, orin ijó méjìdínlógún, fantasia, caprice, orin àkọrin ní èdè Faransé, pẹ̀lú orin tí píánò máa ń lù pẹ̀lú fayolín tàbí sẹ́lò. Àwọn òǹkọ̀tàn sábà máa ń to àwọn ìwé wọ̀nyí sójú kan, wọ́n á sì to ìpínyà sójú kejì, bí ẹni pé wọn ò mọ ara wọn. Lójú tèmi, obìnrin tó mọ̀ pé owó ọkọ kò ní wọlé mọ́ ló ń ṣe ètò ọjọ́ iwájú. Ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ ní Leipzig máa ń ṣáájú olórin dé ìlú. Bí olórin bá wá dé, wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ó sì lọ lóòótọ́. Lọ́dún 1822, ní St. Petersburg, àwọn olorì ọba Rọ́ṣíà fún un ní oyè olórí olùlu-píánò wọn. Ní 1823, ó mú ọ̀nà Yúróòpù pọ̀n, kò sì padà jókòó sí Warsaw títí ọdún mẹ́ta fi kọjá: Jámánì, Faransé, Lọ́ńdọ̀nù, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń bá a rìn, Kazimiera pàápàá, nítorí obìnrin kò lè dá rìnrìn àjò kí ẹnu má bà á lára.

Kì í ṣe bí olórin òde òní ṣe ń ṣe é ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn. Kò sí alágbàtà tó máa san owó sílẹ̀. Olórin á kó lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́lá ìlú kan lọ bá ọlọ́lá ìlú kejì. Wọ́n á pè é wá lu píánò nínú yàrá àlejò wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti tàn, á háyà gbọ̀ngàn, á bẹ àwọn olórin ìlú náà kí wọ́n bá òun ṣeré, á ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ètò alẹ́ ọjọ́ náà máa ń dà bí ọbẹ̀ àpapọ̀: àkọrin á kọ orin inú eré, onífayolín á ṣe tirẹ̀, ẹgbẹ́ olórin á lù, a ó wá gbọ́ olùlu-píánò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Orin àwọn olùlu-píánò bíi Hummel àti Field àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni Szymanowska sábà máa ń fi ṣeré níbẹ̀. Tirẹ̀ dún jù nínú yàrá àlejò. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ máa ń lù láìwo ìwé níwájú èrò, kí Liszt àti Clara Schumann tó sọ ọ́ di àṣà.

Ohun kan tó gbé kiri ló wù mí jù, ìyẹn ìwé ìrántí rẹ̀. Ìwé tí ewé rẹ̀ ṣófo ni, tí ó máa ń gbé síwájú ẹni tó bá ṣe àlejò rẹ̀. Olórin á kọ ìlà orin díẹ̀ sí i, akéwì á kọ ẹsẹ ewì, ayàwòrán á ya nǹkan, oníkálùkù á fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni, ọ̀rẹ́ náà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó: obìnrin kan wọ yàrá àlejò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí, ó ṣí ìwé náà, wọ́n rí ọwọ́ Goethe níbẹ̀. Lẹ́tà ìfinimọnilé wo ló tún kù? Pushkin, akéwì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pàápàá kọ sínú irú ìwé yìí lọ́dún 1828. Ẹni tó bá rò pé ìfẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán ló mú kí ó máa gbé e kiri kò tíì mọ bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ronú.

Bí Goethe ṣe wọ inú ìwé náà nìyí. Ní Oṣù Kẹjọ 1823, ó wà ní Marienbad, ìlú onísun omi tí àwọn olówó ti ń gba ìtọ́jú ní Bohemia. Ó ń sún mọ́ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìfẹ́ ọmọbìnrin kan, Ulrike von Levetzow, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti kó sí i lórí, débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọba Weimar bá a tọrọ ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò bọ́ sí i. Inú ìdààmú yẹn ni Szymanowska bá a, tó sì lu píánò fún un. Ewì tí bàbá náà kọ sínú ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí orin ṣe ń mú omijé àti ìtura wá pọ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lójú ọ̀nà ilé, ló wá kọ ewì ńlá tó fi sunkún ìfẹ́ tó já a kulẹ̀. Nígbà tó sì ń to ewì mẹ́ta pọ̀ láti fi ìtàn ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ yẹn hàn, ó gbé ti Szymanowska, tó ṣáájú ewì ńlá náà ní kíkọ, sẹ́yìn pátápátá, ó sì pè é ní ìlàjà. Orin obìnrin yìí ló fi pa iná náà lójú ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ọ̀hún ṣì ń jó lẹ́yìn tí orin dákẹ́.

Ní ìparí Oṣù Kẹwàá, Szymanowska àti Kazimiera dé Weimar, ó sì ṣeré fún gbogbo ìlú níbẹ̀ ní ọjọ́ 4 Oṣù Kọkànlá. Goethe ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó ṣe é fi wé Hummel, tó ń darí orin ní Weimar, àfi pé òun rẹwà. Ohun tó ń sọ ni pé bí Hummel bá dáwọ́ dúró, bí iwin tó fi agbára ẹ̀mí ṣiṣẹ́ ìyanu ló máa ń rí. Bí Szymanowska bá dáwọ́ dúró tó sì wo èèyàn, èèyàn á máa rò ó bóyá kò sàn bó ṣe dáwọ́ dúró yẹn. Àwàdà àgbà ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i bí ìyìn fún ọwọ́ ṣe yí padà di ìyìn fún ojú láàárín gbólóhùn kan. Ohun tí yóò máa ṣẹlẹ̀ sí i títí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí orin gan-an. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ló fi sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún píánò nìkan tàbí fún ohùn àti píánò. Wọ́n kúrú. Kò kọ orin ńlá fún ẹgbẹ́ olórin, kò kọ eré olórin. Àwọn kan á ní àléébù nìyẹn. Mo bi wọ́n pé ta ni ìbá fún un ní ẹgbẹ́ olórin tí yóò fi dán an wò?

Ogún ẹ̀kọ́ ìka yẹn ni mo fi ṣíwájú. Ẹ̀kọ́ ìka máa ń sú ni. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn kò yàtọ̀ sí pé kí wọ́n ní kí ọmọdé ka ení, èjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ìṣòro kan, ọwọ́ tó ń sáré láìsinmi, tàbí ìka tó ní láti na jìnnà, tàbí ọwọ́ kan tó ń fò kọjá èkejì, ó sì sọ ìṣòro náà di orin tó ní ìrísí àti ìṣesí tirẹ̀. Àwọn ọdún 1820 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Chopin kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìwé ẹ̀kọ́ ìka rẹ̀ àkọ́kọ́ kò sì jáde títí di 1833. Lọ́dún 1836, Robert Schumann yẹ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí wò nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Leipzig, ó sì gbà pé òun ló gba iwájú nínú ohun tí obìnrin tíì ṣe nínú orin títí di àkókò náà. Ó yìn ín, ó sì tún fi odi yí ìyìn náà ká: láàárín àwọn obìnrin ni. Bí a bá wó odi yẹn, kí a tò ó sáàárín gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ìka tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1810 sí 1825, ṣé ipò rẹ̀ á lọ sílẹ̀? Lójú mi, kò ní lọ sílẹ̀ rárá.

Nocturne, orin alẹ́, ni Field bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde lọ́dún 1812: ọwọ́ òsì á máa tú ohùn ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ọ̀tún á máa kọrin lókè bí ẹni tó ń fi ẹnu kọ ọ́. Szymanowska ṣe méjì tó lórúkọ. Èkíní, Le Murmure, jáde ní Paris lọ́dún 1825. Èkejì, tó wà ní ohùn B-flat, kò jáde títí ó fi kú, òun ló sì dára jù. Ẹ tẹ́tí sí bí orin rẹ̀ ṣe ń padà wá. Nígbà àkọ́kọ́ ó dé ní ṣókí, kò sí ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Nígbà tó tún dé, ó ti wé gèlè: àwọn ohùn kéékèèké ti rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì gba ọ̀rọ̀ sọ fúngbà díẹ̀, ó sì tún dá a padà. Kò pariwo níbì kankan. Ẹni tó ti gbọ́ Nocturne Chopin yóò fẹ́ sáré sọ pé "ẹ̀hẹn, mo mọ ọ̀rọ̀ yìí." Kó fara balẹ̀. Ìbànújẹ́ tó ń wọ orin Chopin lójijì, tí yóò da gbogbo nǹkan rú láàárín, kò sí níbí. Szymanowska kò wá a. Àlejò ló wà nínú yàrá, àlejò náà kò wá láti gbọ́ ẹkún.

Mazurka mẹ́rìnlélógún rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní Leipzig láàárín ọdún 1825 sí 1826, ni wọ́n fi ń jiyàn jù. Ijó ilẹ̀ Pólándì ni mazurka. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ka ìlù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í tẹ ilẹ̀ líle lórí ení bíi ti waltz. Orí èjì tàbí ẹ̀ta ló ti máa ń dún, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í dúró jẹ́ẹ́ tó bá ń lọ. Ti Szymanowska kò gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ púpọ̀. Ó ṣeé jó sí, ìwọ̀n ẹsẹ̀ oníjó ló sì fi gé e. Ti Chopin kò ṣeé jó sí mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti mú ijó kúrò lágbo, ó mú un lọ sínú iyàrá ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá ní èkíní jẹ́ ìgbáradì fún èkejì dà bí ẹni tó ní agbo bàtá jẹ́ ìgbáradì fún ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó la ọ̀nà náà, ohun tó dájú kò pọ̀ ju èyí lọ. Ní Oṣù Kìíní 1827, Szymanowska ṣeré ní Ilé Eré Orílẹ̀-èdè ní Warsaw. Chopin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jan Białobłocki pé òun yóò wà níbẹ̀ dandan, ó sì dárúkọ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kún. Elsner tó mọ ilé Wołowski ló kọ́ Chopin. Ìlú kan náà, ijó kan náà, Field kan náà tí àwọn méjèèjì ń gbọ́. Bí omi odò kan bá bọ́ oko méjì, kò túmọ̀ sí pé oko kan ló bí èkejì. Mo mọ̀ pé orúkọ Chopin ló ń jẹ́ kí wọ́n rí owó fi gba orin obìnrin yìí sílẹ̀ sínú àwo, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ó ti tó kí wọ́n yọ orúkọ náà kúrò lẹ́yìn páálí àwo.

Orin àkọrin rẹ̀ kò ní olùgbèjà tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ní. Lọ́dún 1816, Julian Ursyn Niemcewicz tẹ ìwé orin ìtàn kan jáde, ewì nípa àwọn ọba àti jagunjagun Pólándì, tí àwọn olórin oríṣiríṣi ṣe ohùn sí. Obìnrin pọ̀ lára wọn. Szymanowska ṣe ohùn sí mẹ́ta, ọ̀kan lórí Ọbabìnrin Jadwiga tí wọ́n dé ládé lọ́dún 1384. Orílẹ̀-èdè ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ìyá lè jókòó sídìí píánò lálẹ́ kó fi orin kọ́ ọmọ ní orúkọ àwọn tó jọba. Ọ̀gá tó wà lórí oyè kò lè fi òfin dí ìyẹn lọ́wọ́. Ní 1828, lẹ́yìn tó bá Mickiewicz pàdé ní Rọ́ṣíà níbi tí ìjọba lé akéwì náà wá, ó mú orin mẹ́ta jáde láti inú Konrad Wallenrod, ewì gígùn nípa ọkùnrin kan tó wọ àárín ọ̀tá bí ọ̀rẹ́ kó lè pa wọ́n run láti inú. Ìwé náà kò tíì pé ọdún kan lọ́jà. Olórí olùlu-píánò àwọn olorì Rọ́ṣíà ló ṣe ohùn sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ sáà fi oyè rẹ̀ àti orin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Nígbà yẹn ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Moscow, lẹ́yìn náà St. Petersburg. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá ní píánò, ilé rẹ̀ sì di ojúkò àwọn tó gbọ́n: Pushkin, Glinka, Vyazemsky, Krylov, àti Mickiewicz, tó ń pè é ní ọbabìnrin ohùn, títí tí ìyẹn fi jáde kúrò ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1829. Ohun tí a mọ̀ nípa ilé yẹn, inú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Helena, ọmọ rẹ̀, la ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 1830, Warsaw dìde sí Rọ́ṣíà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba ń lọ bá a jà, àrùn onígbáméjì wọ St. Petersburg, ìlú dàrú, èrò ya lu ojú pópó, ọba fúnra rẹ̀ jáde lọ bá wọn wí. Ní ìparí Oṣù Keje 1831, àrùn náà pa Szymanowska lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì. Warsaw ṣubú ní Oṣù Kẹsàn-án. Celina àti Mickiewicz ṣe ìgbéyàwó ní Paris lọ́dún 1834, ọmọ wọn Władysław ló sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1903. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìyá-ìyá rẹ̀ yè sí. Ó dùn mí díẹ̀ láti gbà pé orúkọ àna ló gba ìwé obìnrin yìí là, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Kí ẹ lè mọ̀ pé nǹkan ìbá ti gba ọ̀nà mìíràn, ẹ wo Tekla Bądarzewska, tó tẹ̀ lé e ní ìlú kan náà. Ìwé kan ní 1829 ni wọ́n bí i, òmíràn ní 1834. Ọdún 1861 ló kú, ní Warsaw, pẹ̀lú ọmọ kéékèèké nílẹ̀. Ní 1856, ó tẹ orin píánò kan jáde, Àdúrà Wúńdíá. Ìwé ìròyìn orin kan ní Paris tún un tẹ̀, ni orin náà bá gba ayé kan. Kò le: ohùn kan tó gùnkè, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, wọ́n á sì tún un ṣe pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ti kọ́ píánò ọdún méjì lè fi yangàn níwájú àlejò. Àwọn olówò ìwé orin lówó lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé orin bú u títí ẹnu fi ń bó wọn. Chekhov jẹ́ kí wọ́n máa lù ú nínú ilé nínú eré Arábìnrin Mẹ́ta, Weill àti Brecht fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré olórin Mahagonny, àwọn ará Amẹ́ríkà kan sọ ọ́ di orin oníjìtá, ní Taiwan ọkọ̀ akólẹ̀ sì ń fi í pe àwọn èèyàn kí wọ́n gbé ìdọ̀tí jáde. Ihò ńlá kan wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì Venus tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Orin tirẹ̀ gbayé, ẹni tó kọ ọ́ sì pòórá. Ti Szymanowska, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn ọlọ́lá, orin rẹ̀ ni kò sí lórí píánò ẹnikẹ́ni. N kò mọ èyí tó burú jù. Mo kàn mọ̀ pé bíbú tí wọ́n ń bú Àdúrà Wúńdíá máa ń pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ orin náà lọ, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé àwọn ọmọbìnrin tó ń lù ú ni wọ́n ń bú.

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nǹkan ti ń yí padà fún Szymanowska. Sławomir Dobrzański kọ ìwé nípa ayé rẹ̀ lọ́dún 2006, ó sì tún gba gbogbo orin píánò rẹ̀ sílẹ̀. Alexander Kostritsa gba àwọn orin ijó. Elisabeth Zapolska, akọrin tó dá ẹgbẹ́ Maria Szymanowska sílẹ̀ ní Paris, kọ àwọn orin àkọrin pẹ̀lú Bart van Oort lórí píánò àtijọ́. Ti ìkẹyìn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ rán èèyàn lọ gbọ́. Píánò ayé ìgbà náà, férémù igi ló ní, ohùn rẹ̀ fúyẹ́, kì í pẹ́ kú, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ tó ti òde òní. Lórí píánò irin ńlá ti àsìkò yìí, àwọn ẹ̀kọ́ ìka yẹn lè dún bí ẹni tó ń fi òòlù pa eṣinṣin. Lórí èyí tí wọ́n kọ wọ́n fún, ohùn kọ̀ọ̀kan yọ gedegbe, ọwọ́ òsì kò bo ọ̀tún mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó gbọ́ Nocturne B-flat lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá lọ sórí ẹ̀kọ́ ìka àkọ́kọ́ tó wà ní F. Kó má gbọ́ mazurka mẹ́rìnlélógún yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò sú u, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi orin. Kó mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sì dìde dúró gbọ́ wọn.